Níbo Ni Ọmọ Tó Ti Òkè Òkun Dé Yóò Ti Pèéṣẹ́?

Ibi kíkà: Rúùtù 1:19–22 àti Rúùtù orí 2. Kí ẹnì kan kà á sókè ní ìpàdé kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa, nítorí láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́, títí lọ dé Ìkọ̀lé, agbára káká ni a fi lè rí ilé kan tí kò ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ní ìdálẹ̀. Ní àtijọ́, àlọ wọn ni à ń gbàdúrà sí. Nísinsìnyí àwọn kan ń padà bọ̀ kí ẹ̀kọ́ wọn tó parí. Owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún ti ju ohun tí náírà lè ká lọ, tàbí ìwé ìgbélùú àwọn òbí ti parí, tàbí ogun dé, tàbí kí bàbá ọmọ kàn sọ pé òun fẹ́ kí ọmọ òun mọ ilé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún á sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àpótí méjì, yóò máa sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ onílẹ̀, wọn á sì fi í lé ìyá àgbà lọ́wọ́. Wọn á ní, "Màmá, ẹ bá wa wá yunifásítì tó dára fún un." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di tiwa.

Náómì mọ ohun tí à ń pè ní kí ènìyàn ti ìdálẹ̀ dé. Ìyàn ló lé òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sí Móábù. Nígbà tí ó padà, ọkọ ti kú, ọmọkùnrin méjèèjì ti kú, Rúùtù aya ọmọ rẹ̀ nìkan ni ó tẹ̀ lé e. Gbogbo Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ló dìde láti wò wọ́n, bí àwa náà ti máa ń tú jáde wo ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ láti Èkó. Ṣùgbọ́n ìwòran kì í ṣe oúnjẹ. Rúùtù ní láti jáde lọ ṣiṣẹ́ láàrin àwọn tí kò mọ̀ rí.

Ẹ kíyè sí bí ìyá yìí ti ṣe. Nígbà tí Rúùtù gbé ọkà dé ní ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè ni Náómì kọ́kọ́ bi í, pé níbo ni ó ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó gbọ́ orúkọ Bóásì tán ni ó tó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó má ṣe lọ sí oko ẹlòmíràn. Bíbélì kò sọ fún wa pé oko Bóásì ni ó tóbi jù ní ìlú náà. Ohun tí ó sọ ni pé ìbátan wọn ni Bóásì, pé omi mímu wà fún Rúùtù níbẹ̀, pé a ti kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, àti pé ó lè dúró níbẹ̀ títí a fi kórè ọkà báálì tí a sì kórè àlìkámà pẹ̀lú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kí a dì mú: oko tí ọmọ yóò lè dúró sí títí ìkórè yóò fi parí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń yan yunifásítì bí ẹni tí ń yan àǹkárá ọdún, tí ó jẹ́ pé orúkọ tí yóò dún létí àwọn ẹgbẹ́ wa ni à ń wá.

Ìwé ọwọ́ ọmọ ni kí a kọ́kọ́ tú wò

Kí a tó dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ kankan, ẹ ní kí ọmọ náà kó ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Kí ni ó kà, ibo ni ó kà á dé, ta ni ó sì fún un ní ìwé ẹ̀rí? Ẹni tó ṣe GCSE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn yunifásítì wa sábà máa ń ka ìwé rẹ̀ sí ẹgbẹ́ WAEC, bí ó bá ṣáà ti yege dáadáa nínú iṣẹ́ márùn-ún tí ó bá ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ lọ kọ́ mu. Ẹni tó ti ṣe A-level lè gba ọ̀nà Direct Entry, kí ó sì wọlé sí ọdún kejì láìṣe UTME. Ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama ti Amẹ́ríkà ni ó máa ń fa ìbéèrè, nítorí kò sí ìdánwò kan ṣoṣo tí gbogbo ọmọ ibẹ̀ jọ ń ṣe bí a ti ń ṣe WAEC níhìn-ín. Kí ẹni tó ní irú rẹ̀ kọ̀wé sí yunifásítì náà fúnra rẹ̀, kí ó sì gba èsì lórí ìwé, kì í ṣe lẹ́nu akọ̀wé kan lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó ṣe WAEC tàbí NECO ti àwọn tí kò sí ní ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Mo ti gbọ́ tí ìyá kan ń sọ pé ìtìjú ni kí ọmọ tó ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù dé jókòó ti àwọn ọmọ Ìfàkì ṣe ìdánwò. Ìtìjú wo? Àwọn ọmọ Ìfàkì náà ni yóò bá jókòó ní yunifásítì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo orúkọ. Ọ̀rọ̀ kékeré ni ó jọ, ṣùgbọ́n òun ni ó ń dí ọ̀pọ̀ lọ́nà. Orúkọ tó wà lórí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ, ìyẹn NIN, ni JAMB ń lò. Bí ìwé ìrìnnà òkè òkun bá pè é ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú, tí ìwé ìbí fi orúkọ Yorùbá ṣáájú, tí ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ sì gé orúkọ bàbá kúrú, a ó máa lọ, a ó máa bọ̀. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ẹ gba lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ fún un pẹ̀lú, nítorí ọmọ Ọ̀yẹ́ tí a bí ní Manchester, ọmọ Ọ̀yẹ́ náà ni, ìjẹ́-ọmọ-ìpínlẹ̀ sì wà lára ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ń wò nígbà tí wọ́n bá ń gba ọmọ wọlé. Ẹ ka ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú. Ìlànà tí ìjọba fi lélẹ̀ fún ìgbàwọlé ọdún 2025 ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 16.

Ní ti UTME fúnra rẹ̀, ọmọ tó ti òkè òkun dé kì í bẹ̀rù kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe é. Ohun tí ó máa ń ká a mọ́ ni ìyára rẹ̀, àti pé ìwé tiwa ni a fi ń dán an wò. Ẹni tó fẹ́ ṣe Government yóò ní láti mọ ìtàn òfin ilẹ̀ Nàìjíríà, kì í ṣe ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìtàn kan sì máa ń wà tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kà fún ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2025, The Lekki Headmaster tí Kabir Alabi Garba kọ ni. (Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ dùn sí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fún àwọn ọmọ kà.) Ẹ fún un ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán láti múra, kí ẹ má sì gbàgbé pé èsì UTME kì í kọjá ọdún kan.

Ẹni tó ti wọ yunifásítì lọ́hùn-ún

Ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ wà fún ọmọ tí kò tíì wọ yunifásítì. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti wọ̀ ọ́ ní ìdálẹ̀, tàbí tó tilẹ̀ ti gboyè, le ju èyí lọ, ó sì ti pa àwọn ìyá kan lẹ́kún.

Kútọnu kò jìnnà sí wa. Nígbà tí JAMB bá ṣòro, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ní ilẹ̀ Yorùbá ń rán ọmọ lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2023, oníròyìn kan tó ń jẹ́ Umar Audu gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Daily Nigerian pé òun gba oyè yunifásítì láti Kútọnu láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun sì fi í wọ iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ ti dáwọ́ yíyẹ ìwé ẹ̀rí Benin àti Tógò wò dúró. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, tó jẹ́ Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ nígbà náà, sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lé ní 22,000 ni wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ayédèrú láti orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí. Yunifásítì mẹ́jọ péré ni ìjọba sọ pé òun yóò gba ìwé wọn, márùn-ún ní Benin, mẹ́ta ní Tógò. Yunifásítì Abomey-Calavi, ti Parakou àti ti Lomé wà nínú wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ro ohun tí èyí jẹ́. Àwọn kan jalè, ó dájú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wà tí wọ́n lo ọdún mẹ́rin gbáko, tí wọ́n kọ́ èdè Faransé, tí wọ́n jókòó ṣe ìdánwò, tí ìyá wọn ta pápànù àti gààrí láti san owó, tí ìwé ọwọ́ wọn kò sì wúlò mọ́ nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ wọn kò sí lára mẹ́jọ náà. Kò sí ẹni tó bi wọ́n ní ìbéèrè Náómì kí wọ́n tó lọ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé òun yóò bá yín "tún ìwé náà ṣe" ní Àbújá. Bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá sí nínú àwọn tí ìjọba gbà, kí ó lo ìwé WAEC rẹ̀, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó dun ni, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó bẹ̀rẹ̀ lónìí yóò parí kí ó tó pé ọgbọ̀n, ìyẹn sì ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó gboyè kì í ṣe iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ mọ́.

Ti àwọn tí ogun lé dé yàtọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022 ni a kó àwọn ọmọ wa láti Ukraine, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ́ ìṣègùn, wọ́n sì tún kó àwọn mìíràn láti Sudan ní ọdún 2023. Àwọn kan rò pé àwọn lè jókòó sílé kí àwọn máa gba ẹ̀kọ́ ìṣègùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn dókítà ní Nàìjíríà, ìyẹn MDCN, sọ ní ọdún 2022 pé àwọn kò ní gba irú rẹ̀. Ọ̀nà tó wà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí ó béèrè láti ṣí lọ sí yunifásítì níhìn-ín. Yunifásítì tó ti kúrò yóò fi àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀ ránṣẹ́ tààrà sí èyí tó ń lọ, JAMB yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹ má retí pé ibi tí ó bá a dé lọ́hùn-ún ni wọn yóò ti bá a bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Wọ́n sábà máa ń dá a padà sẹ́yìn ní ọdún kan tàbí méjì. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀, bí ó bá ṣáà jẹ́ ibi tí yóò ti parí.

Àwọn oko tó yí wa ká

Títí di ọdún 2011, kò sí yunifásítì kankan ní apá òkè Èkìtì yìí. Ọmọ Ìkọ̀lé tó bá fẹ́ kàwé yóò lọ sí Adó, Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀. Ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì sílẹ̀, tí ọgbà rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan ní Ọ̀yẹ́, ọ̀kan ní Ìkọ̀lé. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti ẹnjiníà wà ní Ìkọ̀lé. Tí a bá kọjá Ìfàkì lọ sí Adó, a ó kan Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ojú ọ̀nà Ìwòròkó, èyí tó ti wà láti ọdún 1982 kí Èkìtì tó di ìpínlẹ̀. Ní ojú ọ̀nà Ìjàn, Pólí Ìjọba Àpapọ̀ àti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá kọjú síra wọn. Aládàáni ni ti Afẹ́ Babalọlá, ọdún 2009 ni a dá a sílẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́, ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ àtijọ́ ti di yunifásítì láti ọdún 2020, òun ni wọ́n fi orúkọ Bámidélé Olúmilúà pè. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní pólí ní Ìṣàn, ó sì ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ní Ìjerò. Ìjọ wa Methodist náà ní Yunifásítì Wesley ní ìlú Oǹdó láti ọdún 2007. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pé tiwa ni, ṣùgbọ́n bí a ti ń wádìí ti ẹlòmíràn ni kí a wádìí tiwa.

Ìwádìí wo? Kì í ṣe bóyá ìjọba mọ yunifásítì náà nìkan, bí kò ṣe bóyá àjọ NUC ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà gan-an tí ọmọ yín fẹ́ kọ́ níbẹ̀. Yunifásítì lè dára, kí ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ má tíì gba ìfọwọ́sí. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà yóò tún béèrè nípa COREN, ẹni tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì yóò béèrè nípa ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, nítorí àwọn ni yóò fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́.

Owó ni ó kù. Olúwa wa sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀ (Lúùkù 14:28–30). Mo mọ ìdílé kan ní agbègbè wa tí ọmọbìnrin wọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé, tí ìwé rẹ̀ dára púpọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni olówó gegere ni yóò lọ, wọ́n sì san owó ọdún méjì. Ní ọdún kẹta, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá ní òkè òkun. Ìyá àgbà ta ilẹ̀ kan, kò tó. Wọ́n ní kí ọmọ kúrò, ilé ẹ̀kọ́ ní òun kò lè fi àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí gbèsè wà nílẹ̀. Odidi ọdún kan àti ààbọ̀ ni ọmọ náà fi ń ta káàdì fóònù kí wọ́n tó rí i tú sílẹ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Bí wọ́n bá ti fi owó ọdún mẹ́fà lélẹ̀ lórí ìwé kí wọ́n tó san ti ọdún kìn-ín-ní, wọn ì bá ti rí i pé owó oṣù ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́.

N kò sọ pé aládàáni kò dára. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ kò mọ ìyanṣẹ́lódì ASUU, àwa tí ọmọ wa wà ní ti ìjọba kò sì lè gbàgbé oṣù mẹ́sàn-án ti ọdún 2020 àti oṣù mẹ́jọ ti ọdún 2022. Ẹ fi ìyẹn kún ìṣirò. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí náà kún un pé owó ẹ̀yáwó ìjọba fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND, tí a fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, kò ní èlé lórí, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni ó sì wà fún. Tèmi ni pé, ìdílé tí kò bá lè ka owó ilé ẹ̀kọ́ títí dé òpin láìgbójú lé ìṣẹ́ ìyanu, ti ìjọba ni kí ó yàn, kí ó sì fi ọdún kan tàbí méjì sí i fún ìyanṣẹ́lódì.

Omi mímu àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin

Bóásì ro ti omi àti ti ààbò. Ọmọ tó dàgbà níbi tí iná kì í kú, ẹ sọ òtítọ́ fún un nípa iná wa. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nítorí iná mọ̀nàmọ́ná ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ fi jáde fi ẹ̀hónú hàn, ẹ̀mí sì bọ́ níbẹ̀. Ẹ lọ wo ilé tí ọmọ yóò gbé fúnra yín, ẹ fa omi kànga wọn wò, ẹ lọ síbẹ̀ ní alẹ́ kí ẹ rí bí ọ̀nà ti ṣókùnkùn tó. Ní ti ojú ọ̀nà, ẹ rántí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 tí a pa Onímòjò àti Ẹlẹ́sùn, ọba méjì ní agbègbè wa níhìn-ín. Ọmọ tí kò mọ ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa rin ìrìn alẹ́ láàrin Ìkọ̀lé àti Adó nítorí pé ó fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́.

Bí ọmọ bá ní àìsàn tí a ń ṣọ́, bíi ikọ́ fée tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ṣe pàtàkì ju orúkọ yunifásítì lọ. Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ìdó, kò sì jìnnà sí Ọ̀yẹ́. Mo mọ ìyá kan tó torí èyí nìkan yan Ọ̀yẹ́ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì ṣe dáadáa.

Ìbátan náà ńkọ́? Ọmọ tó ń gbé nítòsí ìyá àgbà tàbí àbúrò ìyá rẹ̀ yóò rí ẹni tí yóò sọ fún un pé kì í ṣe ìríra ni olùkọ́ fi ń sọ̀rọ̀ líle, pé kí ó kúnlẹ̀ kí àgbà, pé kí ó má bá àwọn ọmọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbé ọmọ kiri ṣe wọléwọ̀de. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi ohùn rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà fún oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn á máa bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wọn ka ìwé wọn wò.

Kí a sì bi ọmọ náà léèrè. Rúùtù fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ lọ sí oko. Náómì kò tì í jáde. Ọmọ tí a fi ipá mú padà wá ilé, tí a tún fi ipá yan ẹ̀kọ́ fún, yóò máa wo ojú òfuurufú títí ọdún mẹ́rin yóò fi pé.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé

Ta ni nínú wa tí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fẹ́ padà wálé láàrin ọdún yìí sí èyí tó ń bọ̀? Àwọn ìwé wo ni kí òbí rẹ̀ ti máa gbà sílẹ̀ láti ọ̀hún kí wọ́n tó kúrò?

Ẹ ka Rúùtù 2:8–9 lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú ohun tí Bóásì pèsè níbẹ̀, èwo ni ẹgbẹ́ wa lè pèsè fún ọmọ àlejò tó ń kàwé ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìkọ̀lé, tí kò ní ìbátan kankan nítòsí?

Bí ọmọ kan nínú ìjọ bá ti Kútọnu dé pẹ̀lú ìwé tí ìjọba kò gbà, kí ni a ó sọ fún ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀?